Aginjù Tí Ìyá Mi Kọ̀

Ewé ni ìyá mi já tọ́ mi. Kì í ṣe pé wọn ò dáko. Wọ́n gbin iṣu, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ní kòkó díẹ̀ tí bàbá mi olóògbé fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ní àsìkò, iṣu ní àsìkò, ewé nìkan ni kì í fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ewé eéran ni mò ń wí, èyí tí a fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ. Kì í hù dáadáa ní gbangba. Abẹ́ igi ńláńlá ló fẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, tí oòrùn kàn ń yọjú wò ó lókè. Bí a bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀, ìrì á ti rin aṣọ wa dé orúnkún. Ìyá mi á máa kun orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́nu, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì tẹ igi ewé síwájú, wọ́n á fi ọ̀tún já èyí tó gbó. Èyí tó ṣì ká jọ, tí kò tíì là, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ṣèèṣì já irú rẹ̀, wọ́n á gbá mi lọ́wọ́, wọ́n á ní mo fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀la lónìí.

Igbó ọba ni ibi tí a ti ń já a, láàrin abúlé wa àti Ìpáò. Kì í ṣe ti Kábíyèsí kankan o. Ìjọba ni ọba tí a ń wí, bí ìgbà tí a bá ń sọ pé ọ̀nà ọba. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń já ewé, tó ń ṣa ìgbín, tó ń wá igi gbígbẹ tí wọn yóò fi dáná, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè. Aṣọ́gbó kan wà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá kan tó fẹ́ràn láti máa sùn sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà igbó. Oorun tiẹ̀ náà ń dẹ́rù ba olè. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjọba ò rán ẹlòmíràn wá, àwọn onígẹdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé. Wọ́n á gé ìrókò kan níhìn-ín, wọ́n á gé ọ̀gànwó kan lọ́hùn-ún, wọ́n á fi ẹ̀ka wọn sílẹ̀ lórí ewé tó ti wó mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣe òfin tuntun lórí igbó náà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkọ̀lé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, níbẹ̀ ni ẹnì kan ti mú ẹ̀dà òfin ọ̀hún wá sí yàrá àwọn olùkọ́. Mi kì í tètè gba ti ìjọba gbọ́. Mo kà á, mo tún un kà, mò ń wá ibi tí wọ́n fi ẹ̀tàn pa mọ́ sí, mi ò rí i. Ohun tó sọ kò ju pé kí wọ́n fi igbó náà sílẹ̀ bó ṣe wà títí ayé. Ẹ̀rọ ìgégi kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ la ọ̀nà mọ́tò sínú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ tà á, wọn ò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Àwọn tó bá ń fi ọwọ́ já ewé tàbí ṣa ìgbín lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìyá mi ló wà nínú òfin yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ kò mọ̀ wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹnì kan sì ní láti tú u sí Yorùbá kí wọ́n tó kà á lórí rédíò. Mi ò mọ onítọ̀hún. Ì bá wù mí kí n mọ̀ ọ́n. Ó dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ibi tí èèyàn ò gbé, tí ọwọ́ èèyàn ò bà jẹ́, ó nawọ́ mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìjọba ń gbèrò òfin tí yóò sọ igbó ọba náà di aginjù títí láé.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mi ò lè fún un ní òdo. Lẹ́nu àwọn baba wa, aginjù ni igbó kìjikìji tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí, ibi tí ọdẹ ń wọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kì í tètè retí rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ta ló ń bá àwọn baba wa sọ̀rọ̀ mọ́? Ní abúlé wa, inú Bíbélì ni aginjù wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti rìn kiri tí ẹsẹ̀ wọn bó, tí òùngbẹ gbẹ wọ́n, tí ejò ń bù wọ́n ṣán. Obìnrin tí kò tíì rọ́mọ bí, inú aginjù ló wà. Ọmọ tó jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́, inú aginjù ni òun náà wà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi la sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yọ wá kúrò níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa lọ bi lémọ́ọ̀mù wọn, lémọ́ọ̀mù náà sọ èyí tó mọ̀, ó ní aginjù kò yàtọ̀ sí aṣálẹ̀, ibi tí iyanrìn pọ̀ sí, tí ràkúnmí nìkan lè gbà kọjá. Mi ò rántí ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa ti fẹnu kò sórí ohun kan bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí onígẹdú kan ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọkùnrin náà tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ́jọ́ orí, ó yẹ kí n máa fi wọ́n pè é bí mo ṣe ń fi pe ìyá mi, ṣùgbọ́n kálámù mi kọ̀ ọ́. Ó ní ilé ìlagi kan lẹ́yìn odi Ìkọ̀lé, ó ní ọkọ̀ gẹdú, ó ní aṣọ funfun tí kì í dọ̀tí láéláé, òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ á sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Igi ìtayín ni kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń fi ahọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ìgbà tí rédíò ti sọ ọ̀rọ̀ aginjù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abúlé kiri, ó dé Ìpáò, ó dé Àsin, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Búrẹ́dì ló ń gbé dání, pẹ̀lú ohùn àánú. Ó ń sọ fún àwọn ìyá pé ìjọba fẹ́ sọ ilẹ̀ wọn di ibi tí wọn yóò ti kú dànù bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì.

Mo bá a pàdé ní ilé epo kan ní Ìkọ̀lé. Mo lọ bá a nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹnu mi ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un nígbà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí ni?"

Ó ti igi ìtayín sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Olùkọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdẹ ni bàbá mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ aginjù lẹ́nu wọn."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń fi dẹ́rù ba àwọn ará abúlé?"

"Èmi kọ́ ni mo yan ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ló yàn án. Èmi kàn ń bá wọn kà á ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ọmọ tó ń rọ epo fún un, bí ẹni tó fẹ́ kí ìyẹn náà bá òun rẹ́rìn-ín. "Bó bá dùn ọ́, lọ bá rédíò jà."

Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé délé. Ó rí mi lára bí ìgbà tí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ igbẹ́. Ì bá ṣe pé òpè ni, ǹ bá kọ́ ọ. Ẹni tó mọ̀, tó sì ń fi ohun tó mọ̀ tan ìyá tí kò kàwé jẹ, mi ò mọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọ̀kadà lọ sábúlé. Mo bá ìyá mi níwájú ilé, wọ́n ń to ewé ní ìdì, ìdí ewé lórí ìdí ewé, orí lórí orí. Mo jókòó tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní aginjù tí òfin ń wí kì í ṣe ti inú Bíbélì, pé igbó kìjikìji ni, pé ohun tí ìjọba ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gé e. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n fi okùn di ìdì kan, wọ́n fi eyín fà á le.

"Ṣé ugbó ni wọ́n ń pè ní aginjù?" Wọn kì í sọ igbó, ugbó ni wọ́n ń sọ, bí gbogbo ará ilé wa.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Igbó ni."

"Bó bá jẹ́ ugbó ni, kí ló dé tí wọn ò pè é ní ugbó?"

Mo ní àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ni kò ronú. Ìyá mi mi orí. Wọ́n ní ẹni tí kò ronú kì í ṣòfin, pé ohun tí ìjọba fẹ́ ni ìjọba sọ, pé kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ti ẹnu àwọn tí kò kàwé jù. Inú bí mi. Mo bi wọ́n bóyá búrẹ́dì onígẹdú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n sì tẹ̀síwájú láti máa to ewé wọn. A ò jọ jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ó yá, ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìkọ̀lé láti gbọ́ tẹnu aráàlú kí òfin tó di òfin. Onígẹdú yìí ló gbé bọ́ọ̀sì wá kó àwọn ará abúlé. Àwọn ìyá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Alhájà wé lááfà mọ́rí, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mo jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ka òfin ní Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ sì tú u, ó tún sọ aginjù, ariwo sọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìyá mi tí wọ́n ń rìn lọ síwájú. Onígẹdú fúnra rẹ̀ ló fà wọ́n lọ́wọ́ gòkè, tìfẹ́tìfẹ́, bí ọmọ gidi.

Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ nínú makirofóònù rí. Wọ́n dì í mú bí ẹni di ọkọ́ mú.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn ńlá. Ugbó yìí ni mo bá láyé. Inú rẹ̀ ni ìyá mi ti já ewé tọ́ mi, inú rẹ̀ ni èmi náà ti já ewé tọ́ ọmọ. Omi tí à ń mu, inú rẹ̀ ló ti ń ṣàn bọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ sọ ọ́ di aginjù. Kí la fi ṣẹ̀ yín? Ibi tí kò sómi, tí kò séwé, ta ni ó gbé ibẹ̀? A ò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ yín, a ò tọrọ ulé. Ẹ má fọwọ́ kan ugbó ria, ugbó tiwa. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń sunkún. Omi dé sójú èmi náà, nítorí pé gbogbo ohun tí ìyá mi bẹ̀bẹ̀ fún ló wà nínú òfin náà. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà: bí wọ́n bá ní kí n fi Yorùbá tó dára kọ òfin yẹn, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn. Òfin tí ìyá mi fẹ́ ni wọ́n dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń kọ̀.

Mo nawọ́. Mo kígbe pé mo ní ọ̀rọ̀. Ìyá mi rí mi láti orí pèpéle, makirofóònù ṣì wà lẹ́nu wọn, gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n sọ pé, "Jókòó, ọmọ mi, má dójú tì mí." Mi ò jókòó. Mo sọ ohun tí aginjù jẹ́, mo sọ ọ́ ní Yorùbá ilé-ìwé, mo sọ ọ́ ní ti ilé wa. Alága ìgbìmọ̀ náà gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ó yé e, nítorí pé ojú rẹ̀ yẹra fún tèmi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, olùkọ́. A ò wá síbí wá kọ́ Yorùbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gbé ìrẹsì inú ike kiri ti wọlé, òórùn ata ti gba gbọ̀ngàn, ọkàn ìgbìmọ̀ sì ti kúrò lórí igi. Mo wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹran. Mi ò tíì rí ohun tó kó mi nírìíra tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí òfin náà ṣe kú nìyẹn. Wọ́n ní aráàlú ti kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé ohùn ìyá mi sórí rédíò fún ẹ̀rí, wọ́n gé e mọ́ ibi tí ìyá mi ti ní ta ni ó gbé ibẹ̀, wọn ò jẹ́ kó dé ibi ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyá mi gbọ́ ọ nílé. Wọ́n ní, "Ohùn mi nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo sọ nìyẹn." Kò pẹ́ tí katapílà onígẹdú fi wọ inú igbó ọba ní ọ̀sán gangan, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Kò yọ́ wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà, ọkọ̀ gẹdú ń wọlé lófìfo, ó ń jáde tẹ̀rùtẹ̀rù, àwọn ará abúlé sì dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Àwọn kan tiẹ̀ ń juwọ́.

Ìyá mi gbé agbọ̀n, wọ́n lọ síbi ewé wọn. Wọ́n padà dé pẹ̀lú agbọ̀n tó fúyẹ́. Èwo ni wọn ì bá já níbẹ̀? Oòrùn ti wọ ibi tí kò wọ̀ rí. Ewé tí katapílà kò tẹ̀, oòrùn ti jó o, ó pọ́n, etí rẹ̀ gbẹ, bí èèyàn bá ká a pọ̀ á ya. Odò kékeré tí wọ́n ti máa ń fọ ẹsẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀ àti epo dísù. Wọ́n gbìyànjú apá ibòmíràn lọ́nà Àsin, àwọn tó ń já ewé níbẹ̀ lé wọn, mi ò sì dá àwọn yẹn lẹ́bi. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ ra náílọ́ọ̀nù láti fi ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọ́n fi sábẹ́ tábìlì kí n má baà rí i. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ní abúlé, àwọn aláwàdà ti ń pè wọ́n ní Ìyá Aginjù, ìyá mi sì ń dá wọn lóhùn, ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo wà lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ ńlá kan dúró níwájú ilé. Lọ́fíńdà ló kọ́kọ́ wọlé. Onígẹdú dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi pẹrẹgẹdẹ, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní òun wá kí ìyá òun. Ó jókòó. Ó ní ìjọba tún ti bẹ̀rẹ̀, pé igbó kan wà ní ìhà Ọ̀yẹ́ tí wọ́n tún fẹ́ sọ di aginjù, pé ohùn Màmá lòun fẹ́, kí Màmá bá àwọn wá sọ irú ọ̀rọ̀ ọjọ́sí fún àwọn ará ibẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá mi fi ojú dá mi dúró. Wọ́n dìde, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná sínú abọ́, wọ́n gbé e ka iwájú rẹ̀.

Ó wò ó. Ó fi ìka kan ti náílọ́ọ̀nù náà síwá, ó tì í sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mi kì í jẹ ti inú náílọ́ọ̀nù, kì í bá mi lára mu. Èyí tí wọ́n bá fi ewé pọ́n ni mo máa ń jẹ."

Ìyá mi bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé níbo ni kí àwọn ti já ewé.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ti igi ìtayín sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, Màmá. Ṣebí igbó ló yí yín ká níbí."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti gbàgbé. Ó ti gé igbó tó pọ̀ débi pé kò rántí mọ́ pé tiwa wà lára wọn. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo di ògiri mú, mo bì. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá mi ti gbé abọ́ wọn kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ fún un pé ohùn àwọn ti há, pé àwọn ò lè lọ. Ó ní kò burú, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti rí ìyá mìíràn lọ́hùn-ún tó ń já ewé. Wọ́n ní ohùn tiẹ̀ tún dùn ju ti ìyá mi lọ.